Ọwọ́ Òṣómàáló

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá Adéwùsì
ní Ìjọfì, nínú yàrá tó ń rùn òrí àti àdín,
ohun kan ṣoṣo ló sì fi lé mi lọ́wọ́:
àtàǹpàkò.
“Tẹ̀ ẹ́. Bó bá ké, tún un tẹ̀.
Gbèsè ni ìrora, iṣan ló jẹ ẹ́.”
Bẹ́ẹ̀ ni mo di òṣómàáló lẹ́yìn ọmọ ènìyàn,
mo lóṣòó ti èjìká wọn, n ò dìde.
Àwọn awakọ̀ agbégẹdú yìn mí káàkiri Iléṣà.
N kò mọ̀ pé lára ẹlòmíràn
gbèsè lè san, kí ara má sàn.

Tísà Fápẹ́tù dé lọ́jọ́ kan,
egungun rẹ̀ fúyẹ́ bí pòròpórò.
Mo tẹ̀ ẹ́. Kò ké.
Omi ṣáà ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹní.
Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.”
Ọmọ rẹ̀ ló wá gba ìborùn tó gbàgbé.

Ni mo bá di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ni ogójì ọdún.
Gbádébọ̀ afọ́jú, ní Òkè-Ìrò,
ní kí n gbé àtàǹpàkò sápò, kí n lo apá,
kí n yí i bí oníbúrẹ́dì ṣe ń yí ìyẹ̀fun.
Ìyá tó ń wẹ ọmọ tuntun ládùúgbò wa
fi ìka méjì péré hàn mí.
Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́lọmọ ló kọ́ mi ní èyí tó le jù:
gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e,
má ṣe nǹkan kan,
kà á dé ogún.

Màmá gbọ́, ó pòṣé:
“Ọwọ́ mélòó lo ní gan-an?”
Méjì náà ni, Màmá.
Mo wá ilé Tísà lọ sí Ìsọ̀kùn.
Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́yẹ́ èyí, ìbàdí Màmá kọ̀ jálẹ̀.
Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá bá mi.
Àtàǹpàkò mi ti dìde fúnra rẹ̀,
mo ká a kò.
Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.
“Kí lò ń dúró dè?”
“Ẹ̀yin ni, Màmá.”
Ó dákẹ́. Nígbà tí mo ka mẹ́tàdínlógún,
ìbàdí rẹ̀ mí kanlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi.
Mo ka ogún, mo fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò.
Ó ní kí n tún un kà.