Àjẹ̀ Kan ní Ìwópin

Wọ́n ti sọ àká èkùrọ́ àtijọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.
Wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé, wọ́n kọ Ọ̀NÀ OMI sára ògiri,
igba náírà fún àgbà, ọ̀fẹ́ fún ọmọ iléèwé.
Bàbá mi ṣí fìlà kó tó wọlé,
bí ẹni tó ń lọ kí ará ilé olóògbé.

Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ríran.
"Èkùrọ́ ṣì wà níhìn-ín," ló wí,
bẹ́ẹ̀ èkùrọ́ ìkẹyìn ti bá láńṣì lọ
kí wọ́n tó bí mi.

Fọlábòmí ló ń mú wa káàkiri,
ọmọ Ìbíadé, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò.
Ó fi agogo láńṣì hàn wá, tí ìpẹtà ti jẹ létí,
àti fìtílà tí wọ́n ń so kọ́ ẹnu ebúté lóru,
àti ìwé ńlá kan tí ikán ti ka ìdajì rẹ̀ ṣáájú wa:
gẹdú mọ́kànlá, ẹní igba, obì agbọ̀n mẹ́fà,
èrò mẹ́rìnlélógójì,
ewúrẹ́ kan tí kò sanwó.

Àwòrán ọ̀sà wà lára ògiri.
Ẹnìkan ti fi yíǹkì fa ọ̀nà láti ibí dé Ẹ̀pẹ́,
ó tọ́ gbọnrangandan bí okùn asáṣọ.
Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ta ló tukọ̀ báyìí rí?
Omi kì í rìn tààrà. Onígbèsè ni omi,
kọ́ọ̀nà kọ́ọ̀nà ló ń yà."

Lẹ́yìn náà la dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ó dùbúlẹ̀ lórí aṣọ pupa nínú gíláàsì,
ojú rẹ̀ ti là, ọrùn rẹ̀ ń dán níbi tí ọwọ́ ti mú un jù.
Páálí funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìsí àmì kankan:
AJE.
Ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́jọ, fà mí láṣọ:
"Mọ́mì, ṣé àwọn àjẹ́ ló ni ín?"

Fọlábòmí wolẹ̀. Bàbá kò bínú.
"Éè rí bẹ́ẹ̀. Àjẹ̀ ni.
Jẹ́ kí ohùn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe ń wọmi.
Kì í ṣe àjẹ́, bó tilẹ̀ ń jáde lóru.
Kì í ṣe ajé, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló gbé e wálé,
tí mo fi ra síléètì fún ìyá rẹ."

Ó ní kí wọ́n ṣí gíláàsì. Òfin kò gbà.
Fọlábòmí wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ Bàbá,
ó lọ wá kọ́kọ́rọ́.

Ọkùnrin tí kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́
di igi náà lọ́rùn mú, èjìká rẹ̀ sì rántí.
Nínú yàrá tí kò sómi
ó ń wà á, ó ń pe àwọn ibi tí à ń kọjá:
Ìdí Àràbà, rọra. Ojú Yanrìn, omi orókún.
Ibú Ìyàwó, ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.
"Kí ló dé tí a kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" mo bi í.
Kò sọ̀rọ̀.
Fọlábòmí ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì,
tíkẹ́ẹ̀tì tán, ó ń kọ ọ́ sápá.
Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó fàmì sórí páálí,
ó fà á wálẹ̀, ó tún fà á wálẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo wá omi, n kò rí i.
Ewé ló tẹ́ láti ẹsẹ̀ ebúté lọ dé ibi tójú mọ,
òdòdó rẹ̀ rẹwà débi tó fi ń bí èèyàn nínú.
Ọkọ̀ kan há sáàárín rẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń wúkọ́.
Gbogbo ìgbéyàwó, gbogbo ìsọmọlórúkọ
la ti ń gbà á ládùúrà:
ojú oró ní í lékè omi.
Àṣẹ, la ń wí. Àmín, la ń wí.
Ó ti gbà. Ó ti lékè.

Bàbá dúró lórí pákó, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọmọ mi ju òkúta kan.
Kò dún.