Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́rú ni. Àga gbọọrọ kẹtàlá ni mo wà lórí rẹ̀
nínú ogún tí ìjọ wa ní Òkè-Fìà ní kí n kàn.
NẸ́PÀ mú iná lọ, ayùn dákẹ́,
mo na ọwọ́ ọ̀tún kí n yọ èérún ìrókò tó há sí i lẹ́nu.
Iná dé.
Gbogbo ọmọdé àdúgbò hó yèè fún ayọ̀.
Èmi náà hó.

Ìka mẹ́ta, Olúwa.
Kì í ṣe ọwọ́ tí mo fi jalè,
kì í ṣe ọwọ́ tí mo fi na Ìyádùnní aya mi rí.
Ọwọ́ tó ń kan àga fún àwọn tó fẹ́ jókòó níwájú Rẹ ni.
Mo dùbúlẹ̀ ní ọsibítù Asúbíárọ̀, mò ń wo fáànù àjà:
apá mẹ́ta ló ní, ó ń yí, ó ń yí,
kò lọ síbì kankan.

Àwọn ará ìjọ wá. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wá.
Ọ̀kan ní kí n yẹ ara mi wò, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà nílẹ̀.
Ọ̀kan ní kí n wo ilé baba mi dáadáa, pé ayé le.
Ọ̀kan ní kí n máa yọ̀, ìka méjì ṣì kù.
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo kọjú sí ògiri.
Wàídì ọmọṣẹ́ mi, tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́,
kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú,
ó ń bó ọsàn náà, ó ń fi í sí mi lẹ́nu.

Oṣù mẹ́rin. Owó ilé-ẹ̀kọ́ Àyọ̀mídé kò sí.
Ìyádùnní ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sọ fún mi;
ojú ibi tí ẹ̀rọ ń jókòó sí ni mo rí,
ó mọ́ ju ilẹ̀ yòókù lọ.
Ẹnu dùn-ún ròfọ́: ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sọ fún ẹlòmíràn
pé Olúwa mọ ohun tó ń ṣe,
kí ayùn tó bi mí bóyá mo gbà bẹ́ẹ̀.
Mo ní, "Bí O bá wà níbẹ̀, sọ̀rọ̀."
Òjò ló sọ̀rọ̀, lórí páànù,
ó sì ń jò sínú abọ́.

Lóru ọjọ́ kan tí egbò ń ta mí bí ata,
mo rántí iṣẹ́ tí O ṣe ní Násárẹ́tì.
O mọ òórùn igi tútù.
O mọ bí ẹ̀gún igi ṣe ń wọ àtẹ́lẹwọ́.
Irin ló tún wọ ibẹ̀ nígbẹ̀yìn, irin àti igi,
àwọn nǹkan méjèèjì tí àwa káfíńtà fi ń jẹun.
O jí dìde,
O sì fi àpá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
N kò gbọ́ ìdáhùn kankan. N kò ní purọ́ sọ́run.
Ṣùgbọ́n mo sùn lóru náà.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà Òṣogbo,
òsì ló kù fún mi.
Òun ni mo fi ń di òòlù mú, tí ìṣó ń wọ́ bí ọ̀mùtí.
Wàídì ń di pákó, mò ń wọ̀n ọ́n, ó ń gé e.
Àga kẹtàlá parí lánàá.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dọ́gba, ó ń mì díẹ̀.
Orí rẹ̀ ni n ó jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi.
Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí lọ́nà pé níbo ni mò ń lọ,
n ó na òsì,
n ó júwe ilé Baba mi.