Òkúta Tó Dáhùn

Ní Duluth, létí adágún tí ojú ò lè rí òdìkejì rẹ̀,
Eino ní kí n má ṣe mú èyí tó ń dán nínú omi:
"Omi ti sùn sínú ẹ̀.
Bó bá rí iná, á bú gbàù."
A gòkè lọ síbi àpáta dúdú
tí wọ́n fọ́ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè.

Ó mú méjì, ó fi ọ̀kan kan èkejì. Kéń!
Ó mú òmíràn. Pọ̀.
Ó sọ ọ́ nù láìwẹ̀yìn.
Ìyá mi rèé ní Ìlọrin,
ó ń fi ìka kan ìkòkò amọ̀,
ó dẹtí, kó tó tú owó nídìí ìró.

Mo fẹ́ tò wọ́n bíi bíríkì, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra.
"Rárá. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà."
Ńlá nísàlẹ̀, pẹlẹbẹ lóòró, wẹ́wẹ́ lókè.
Aili ìyàwó ẹ̀ ló máa ń tò ó tẹ́lẹ̀.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, mo mọ ìyẹn.
Ṣùgbọ́n òkúta mọ́kàndínlọ́gọ́ta
tí kò gbé ìkòkò kankan,
tí kò ní í se nǹkan kan àfi àwa!

Lálẹ́, a da omi sí i. Ó ní ṣììì.
Òógùn bò wá, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.
Níta, ẹ̀wù Eino so rọ̀ lára ìṣó nínú yìnyín,
òkúta àtijọ́ kan tó ti ń rún
ń fa àpò òsì ẹ̀ wálẹ̀.