Àṣẹ

Wọ́n gbé lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì kan sórí tábìlì mi
lọ́jọ́ Ẹtì, ó ku díẹ̀ ká lọ sílé.
Ọ̀gá Ṣówùnmí ní, "Yí i sí Yorùbá. Má bu iyọ̀ sí i."
Ilé mẹ́tàdínlógún létí odò Ṣokori,
ọjọ́ méje péré.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló dá mi dúró.
Mo kọ "ìkìlọ̀", mo pa á rẹ́:
ẹni tí a kìlọ̀ fún ṣì lè rò ó wò.
Mo kọ "òfin". Òfin ti pẹ́ nílé, àgbà ni,
kì í sáré wọ agboolé pẹ̀lú katakátá.
"Ìkéde" ńkọ́? Ó dún bí ìròyìn òkú.
Ni mo bá kọ "àṣẹ".
Ó jókòó sórí ìwé bí ẹni tó jogún un.

Nílé tèmi, ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò
la ń gba àṣẹ fún.

Bàbá mi ṣe akódà ní kóòtù Aké rí.
Ó máa ń sọ pé kò sẹ́rù tó wúwo lọ́rùn òun
bí ìwé tó fẹ́lẹ́ ju ewé ẹ̀kọ lọ.
N ò bi í léèrè nígbà náà.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá Àbẹ̀jẹ́ ń sá láfún lórí àpáta,
ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.
"Lèsí nìyẹn? Kà á sókè, ọmọ mi."
Mo kà á: "Àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba..."
Ó ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.
"Àṣẹ!" ló wí. "Àṣẹ, àṣẹ o! Yóò ṣẹ."

Gọ́ọ̀mù ń gbẹ nínú agolo lọ́wọ́ mi.
Mo fẹ́ sọ fún un pé eléyìí
kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹnu gbà,
pé ó máa ṣẹ lóòótọ́,
pé kò sẹ́ni tó bi mí ohun tó fi ṣẹ ìjọba
kí wọ́n tó ní ká ṣẹ́ igi òroǹbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.
Gbogbo rẹ̀ há sí mi lọ́fun.

"Máa kà á lọ," ló ní.
Mo ká a.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo bá a yí láfún padà
kí ìhà kejì náà lè rí oòrùn.