Àyìnkẹ́ Kọ

Oṣù Keje ni mo rà á lọ́jà Kàbà,
nínú agbọ̀n obìnrin kan tó ń yára
kí òjò tó ká a mọ́.
Ó gbé òròmọ náà sókè, ó fẹ́ ìyẹ́ ìdí rẹ̀,
ó ní, "Abo ni. Mo fi ojú mi méjèèjì búra."
Ọ̀kan ṣoṣo ló ń ríran nínú méjèèjì.
Mo rí i, mo sì sanwó.

Inú páálí mílíìkì ló wà nínú ọkọ̀ Ìsánlú,
ó ń ké títí a fi kọjá Mopà.
Kí n tó délé, mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Àyìnkẹ́.
Ẹni tí a bá fẹ́ kó yé ẹyin,
ṣebí ó yẹ ká kọ́kọ́ yìn ín, ká kẹ́ ẹ.

Mo fi èèpo ẹ̀pà tẹ́ ìtẹ́ fún un lábẹ́ igi kajú.
Mo ṣa òkúta funfun kan létí odò, róbótó bí ẹyin,
mo fi síbẹ̀ kó lè rí àpẹẹrẹ.
Ó yẹ̀ ẹ́ wò,
ó ṣu sí i,
ó jáde.

Òjò dá. A wa iṣu tán.
Adìyẹ Ìyá Tólúwalàṣẹ yé, ó sàba, ó pa mẹ́sàn-án.
Tèmi ń ga lẹ́sẹ̀, ogbe rẹ̀ ń pọ́n,
ìrù rẹ̀ ń tẹ̀ bí dòjé.
Ẹni tó lójú ì bá ti mọ̀,
ṣùgbọ́n èdè wa náà kò ràn mí lọ́wọ́.
"Ó ti jẹun." "Ó ti wọlé." "Ó tún ti gun àga."
Ó fún abo, ó fún akọ:
oṣù márùn-ún ni mo fi ń sọ òótọ́ nípa rẹ̀ tí n kò mọ̀.

Bàbá Olúmọ́dejì na ọrùn lórí ògiri:
"Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ọ̀kun o! Agàn lẹ̀ ń bọ́ yìí.
Ẹ jẹ́ ká fi ṣe Kérésì."
Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó sọ.
Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi pè mí bẹ́ẹ̀
nílé ọkọ, ní Ejúkù lọ́hùn-ún, nídìí agbada gààrí,
kí Abọ́sẹ̀dé tó dé.
Ìyá ọkọ mi a máa ka oṣù sórí ìka,
a sì kà á sókè.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé Àyìnkẹ́ mọ́ àyà,
mo sọ ọ́ sí i létí, níbi tí mo rò pé etí rẹ̀ wà:
"Má dá wọn lóhùn. Ìgbà tó bá wù ọ́."

Ìgbà tó wù ú ni ìdájí ọjọ́ Àìkú kan.
Ọyẹ́ ti gbé òkè mì, n kò rí kajú iwájú mi.
Mo gbọ́ ohùn kan tó há,
bíi géètì onírin tí kò rí epo láti ọdún mẹ́ta.
Ó dákẹ́. Ó tún gbìyànjú.
Ẹ̀ẹ̀kẹta ló jáde tán: kékeréèkee!

Mo jáde tèmi ti ìborùn àti tọ́ọ̀ṣì.
Orí ọlọ ló dúró sí,
ó wò mí bí ẹni tí ó yẹ kí n ti bi léèrè tipẹ́.
Mo jókòó sílẹ̀ nínú ìrì, mo rẹ́rìn-ín
títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ẹ̀rín tán. Omi kò tán.

Bàbá Olúmọ́dejì ti yọrí: "Ẹ̀n-ẹ́n! Àkùkọ ni!"
Ó ní Kérésì ṣì ń bọ̀.
Mo ní kó lọ ra tirẹ̀.

N kò yí orúkọ padà.
Àyìnkẹ́ ń jí mi láago márùn-ún àárọ̀.
Ọwọ́ Ìyá Tólúwalàṣẹ ni mo ti ń ra ẹyin,
ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ń fi ẹyọ kan ṣe ènì.
Òkúta funfun yẹn, mo ti yọ ọ́ nínú ìtẹ́.
Ó dára fún ẹkùrọ́ pípa.