Ohun Tí Ìwé Ìrìbọmi Kò Kọ

Fadá, orí bẹ́ǹṣì yìí ni kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe tọ̀hún.
Ẹsẹ̀ tọ̀hún ti jẹrà láti ọdún tí ọ̀sà wọlé wá gbọ́ Máàsì.
Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ ìtàn ìjọ Àgùdà Ebúté-Àràbà
sínú ìwé pélébé fún ọgọ́rùn-ún ọdún wa.
Ẹ ti ka ìwé ìrìbọmi, ẹ rí orúkọ Fadá mẹ́rìndínlógún,
ẹ rí ti Bíṣọ́ọ̀bù tó wá lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀fọn ò jẹ́ kó sùn.
Ìyókù, ikán ti kà á kí ẹ tó dé.

Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ibí. Ọdún kọkànlélógójì rèé.

Ibi tí pẹpẹ wà yẹn, oko gbágùúdá ni.
Ìyá Apolóníà ló ni ín, kó tó di Apolóníà,
nígbà tó ṣì ń jẹ́ Efúnbọ̀wálé lẹ́nu gbogbo ayé.
Fadá òyìnbó kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ.
Kò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ:
ó ń kí olókùú bẹ́ẹ̀, ó ń kí ọmọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀.
Ìyá se àgbo fún un fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Lọ́jọ́ kẹwàá ó dìde, ó tọ́ka sí oko gbágùúdá.
Ìyá rò pé ebi ló ń pa á.
Ó wa gbágùúdá, ó sè é. Fadá jẹ ẹ́ tán.
Ó tún tọ́ka.

Agogo ńkọ́? Ìdí tó fi ń dún bí ẹni tí òtútù mú?
Ó ti òkè òkun wá dé Èkó láyọ̀,
ó ti Èkó dé Ẹ̀pẹ́ láyọ̀,
ó wá ku díẹ̀ kó kan èbúté wa, ọkọ̀ dojú dé.
Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ló lò nísàlẹ̀ omi.
Àwọn apẹja ní àwọn ń gbọ́ ọ lóru bí ìgbì bá dìde.
Katikíìsì Odùnúgà ní irọ́ ni,
ṣùgbọ́n òun náà kì í pẹ́ kó tó dé etí omi lálaalẹ́.
Ta ló yọ ọ́? Ìwé yín ní “àwọn ọmọ ìjọ”.
Irọ́ gbáà. Bísíríyù ọmọ Lèmọ́mù ni,
tó ń wẹ̀ bí ọ̀bọ̀kún.
Àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ló so okùn mọ́ ọn,
ó ní kí wọ́n fà á kíá, òun ò fẹ́ pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí.
Títí dòní, bí mo bá lu agogo ọ̀sán,
àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ a ní, “Agogo bàbá wa ti dún.”
A kì í bá wọn jiyàn.

Ẹ fọwọ́ kan ògiri. Iyanrìn ọ̀sà ni.
Agbọ̀n ẹja làwọn obìnrin fi rù ú,
ìdí nìyẹn tó fi ń rùn bí ẹja yíyan nígbà òjò.
Fadá tó ṣáájú yín fi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.
Òórùn ò lọ. Ó ní kí n fi kún tùràrí.

Ojú ewé tí ikán jẹ yẹn,
orí rẹ̀ ni wọ́n kọ Matílídà sí.
Fadá kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù nígbà náà;
ikú kì í dúró de oṣù.
Ọmọ Odùnúgà, tó jogún iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ló sáré wá.
Nínú ìkòkò ilé mi ló ti bu omi,
ife irin, etí rẹ̀ ti kán.
Orí ọmọ náà ò tíì gbẹ tán
tó fi padà síbi tó ti wá.

Ẹ kọ ohun tó bá wù yín, Fadá.
Ẹ ṣáà fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo níbì kan,
ẹ má kọ nǹkan kan sí i.
Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ìwé ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀. Iyanrìn wà lábẹ́ bàtà yín.