Ọ̀nà Àbùjá Láti Limbe sí Ndirande

Lughano ló ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.
Kì í ṣe yàrá tí wọ́n ń fi han àlejò:
ìwé ìdánwò àtijọ́ ni yunifásítì ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀,
ó ṣì ń rùn bí eruku ṣọ́ọ̀kì títí dòní.
Ẹ̀rọ amúlétutù kan ń hanrun lára ògiri,
àpótí irin dúró sígun, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀,
wáyà yẹ́lò, wáyà búlúù
ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé.

Kí yàrá yìí tó dáyé ńkọ́?
Ẹ̀gbọ́n mi bí Wezi ní Limbe,
ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ndirande.
Bí èèyàn bá gbéra níbẹ̀ ní ìdájí,
á ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú.
Àmọ́ fọ́tò ò lẹ́sẹ̀.
Ó sáré la Mòsáḿbíìkì já, ó bọ́ sétí òkun,
ó wọ abẹ́ omi lọ bá àwọn ẹja tí kò lójú,
ó yọ ní Lọ́ńdọ̀nù nínú òtútù,
ó sanwó ibodè, ó yíjú padà,
ó tún gba abẹ́ omi kan náà
kó tó wá kanlẹ̀kùn ìyá àgbà:
ọmọ ọjọ́ kan
tó ti rìnrìn àjò ju bàbá bàbá rẹ̀ lọ.
A san owó àlọ. A san owó àbọ̀.
Dọ́là ni o, kì í ṣe kwacha.

Lughano bá mú ìwé kékeré kan,
ó ń ti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì,
ilé-iṣẹ́ ìńtánẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ọ̀gá márùn-ún tí kì í kíra wọn.
"Ẹ jẹ́ ká pàdé nílé. Wáyà kọ̀ọ̀kan péré ni kí ẹ fà wá."
Ọ̀gá Kachingwe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀:
"Kí n gbé oníbàárà mi fún ọ̀tá mi nínú àwo?"
Èkejì ní kó lọ bá lọ́yà òun.
Ẹ̀kẹta fẹ́,
ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun fẹ́.
Tíì Thyolo tí wọ́n bù fún un láàárín ọdún méjì yẹn
tó fọ aṣọ odidi ilé ìwé kan.

"Ẹ̀rọ yẹn," ó wí fún mi,
"ọ̀sán Sátidé kan la fi tò ó.
Èyí tó kù, inú èèyàn la ti ń tò ó, a ò tíì tò ó tán."

Lóṣù tí ìjì jà, tí odò Shire gun orí ìlú,
iná lọ láti Michiru títí dé Limbe.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́.
Dísẹ́ẹ̀lì ku ìwọ̀n ìka kan ní ìsàlẹ̀ táǹkì.
Lughano fi chitenje bora, ó jókòó ti àpótí náà
bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.
Aago méjì òru, ẹnìkan kanlẹ̀kùn:
Kachingwe ni. Ṣòkòtò rẹ̀ rin gbindin dé orúnkún,
kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò kí èèyàn.
"Ilé ìwòsàn ńlá ń gba ibí yìí sọ̀rọ̀, àbí?"
"Ó ń gba ibí."
"Ọmọ mi wà níbẹ̀."
Wọ́n jọ dà á sínú táǹkì, wọn ò tún sọ nǹkan kan.
Èyí tó dà sílẹ̀ ṣì dúdú lórí sìmẹ́ńtì. Mo ti fi ẹsẹ̀ kàn án.

Lánàá, Wezi ya fọ́tò àlàfo ibi tí eyín rẹ̀ ti ká,
ó fi ránṣẹ́ sí Ndirande.
Kó tó pa ẹnu dé, ìyá àgbà ti ń rẹ́rìn-ín.
Kò bi ẹnikẹ́ni pé ibo ló gbà lọ.
Mo sọ ọ́ fún Lughano, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.
Ó ti ilẹ̀kùn,
ó fà á wò lẹ́ẹ̀kan,
ó tún padà wá fà á wò.